Àwọn Ọmọ-Ogun Kéékèèké

Bí ó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Àwọn ère ọmọ-ogun tí púpọ̀ nínú wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ ni wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ Games Workshop ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di olókìkí.

Ní ọdún 1975, ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan, Steve Jackson, Ian Livingstone àti John Peake, dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọpọ́n eré tí a fi igi ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọpọ́n mancala, tí í ṣe ìbátan ọpọ́n ayò àwọn Yorùbá. Kò pẹ́ tí eré tuntun kan, Dungeons & Dragons, fi dé ọwọ́ wọn láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà mẹ́fà péré ni wọ́n kọ́kọ́ rà. Síbẹ̀, a fún wọn ní àṣẹ láti dá nìkan máa tà á ní Yúróòpù. Ọkàn Peake kò sí nínú eré yìí, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1976. Àwọn méjì tí ó kù kò rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí owó wọn kò tó láti gba ọ́fíìsì kí wọ́n sì tún gba ilé, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn fún bí oṣù mẹ́ta. Ní ọdún 1978, wọ́n ṣí ìsọ̀ àkọ́kọ́ ní Hammersmith.

Ṣùgbọ́n alágbàtà ni wọ́n ṣì jẹ́. Bí ọlọ́jà bá sì gba ọjà rẹ̀, igbá alágbàtà a di òfìfo. Nítorí náà, ní ọdún 1979, àwọn àti Bryan Ansell dá Citadel Miniatures sílẹ̀ ní ìlú Newark. Níbẹ̀ ni a ti ń yọ́ òjé pọ̀ mọ́ irin mìíràn, tí a sì ń fi rọ ère jagunjagun, òmìrán àti iwin. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ni Dungeons & Dragons dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ti ní iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn.

Ère díẹ̀ ni ó tó ẹni tí ń ṣe irú eré ti Amẹ́ríkà yẹn. Ansell rí i pé eré tí ogun bá ti ń pàdé ogun ni yóò mú kí àwọn oníbàárà ra ère púpọ̀. Rick Priestley àti Richard Halliwell bá a ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, Warhammer sì jáde ní ọdún 1983. Warhammer 40,000, tí ó dá lórí ogun ọjọ́ iwájú, tẹ̀ lé e ní ọdún 1987. Díẹ̀díẹ̀ ni ike gba ipò òjé. Ìlú Nottingham ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà báyìí, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń ṣe àwọn ère náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, a kà á mọ́ 100 ilé-iṣẹ́ tí ó níye lórí jù lọ ní ọjà tí a ti ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Eré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú iṣẹ́ yìí, àwọn tí ń ṣe é kò sì fi ṣeré. Kò burú kí ènìyàn fi ọjà ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ òwò. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́jà tó dé, ó yẹ kí ọwọ́ tirẹ̀ náà ti mọ iṣẹ́.