Ewúrẹ́ ń bí, agbo kò pọ̀

Ìbéèrè

Abúlé kan lẹ́bàá Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin, ni mò ń gbé. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń dáko iṣu àti gbágùúdá, a sì ní kajú díẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo fi owó èlùbọ́ tí mo tà ra abo ewúrẹ́ mẹ́ta àti òbúkọ kan. Wọ́n ń bí dáadáa, ìbejì ni wọ́n sì máa ń bí lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, bí mo bá kà wọ́n lónìí, márùn-ún péré ni.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ ra abo méjì wálé láti ọjà ẹran, pé kí agbo wa lè tètè pọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ikun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nímú wọn, ojú wọn ń ṣepin, ìgbẹ́ wọn dà bí omi. Mẹ́fà kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí. Àwọn mìíràn ní kí n ta ìyókù kí n sinmi. Bàbá àwọn ọmọ ní àwọn ewúrẹ́ wa ló kúrú jù, ó fẹ́ ra àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gíga tí wọ́n ń kó wá láti apá òkè. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà náà sì ti búra pé bí ewúrẹ́ mi bá tún jẹ sọ́yà òun, ọbẹ̀ ni òun yóò fi í sè. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

*Ìyá Ìbejì, nítòsí Tchaourou*

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrójú. Ẹni tí ẹran mẹ́fà kú mọ́ lọ́wọ́, tí kò jáwọ́, tó ń béèrè ọ̀nà, ó ti ní ohun tí wọn kì í tà lọ́jà. Ẹ má ta ìyókù. Ẹ má sì tíì ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látorí ohun tí ẹ fúnra yín kọ. Abo méjì wọlé láti ọjà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ikun, epin, ìgbẹ́ olómi, ikú. Ayé kọ́ ló ṣe yín. Okùn tí wọ́n fi fa abo méjèèjì wálé ni ikú náà tẹ̀ lé. Ojú ìwé ni mo ti rí ẹran yín, dókítà ẹran tó bá fọwọ́ kàn wọ́n nìkan ló lè fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ jọ àrùn tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní kata, tí àwọn dókítà ń pè ní PPR. Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1942, láti ìgbà náà ló sì ti tàn ká Áfíríkà dé Éṣíà. Ara ẹran á gbóná, kò ní jẹun mọ́, ikun á kọ́kọ́ ṣàn bí omi, lẹ́yìn náà á ki, egbò á yọ ní ètè àti èrìgì, ìgbẹ́ á tú, èémí á sì di ìṣòro. Ẹran tó ń sín, tó ń wúkọ́, ló ń kó o ran èyí tó wà nítòsí. Àwọn ọmọ tó ń já lẹ́nu ọmú ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń le jù fún. Kì í ran ènìyàn.

Kò sí oògùn tí í pa kòkòrò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ń gún fún ẹran tó ti kó o, àrùn mìíràn tó bá fẹ́ gun orí rẹ̀ ló ń lé. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ó sì dára. Lára ẹran kan ní Nàìjíríà ni wọ́n ti mú kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é, ní 1975. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Nigeria 75/1 fi wà lára rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá gún un, ó ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lè gbà á. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Abidjan, wọ́n sì pinnu pé nígbà tó bá fi máa di 2030, kí àrùn yìí ti kúrò láyé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lé àrùn ńlá tó ń pa màlúù lọ, èyí tí wọ́n kéde òpin rẹ̀ ní 2011.

Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ gba abẹ́rẹ́ yìí, bíi oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́. Èkíní, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí ẹni tó gun alùpùpù wá bá yọ ìgò rẹ̀ láti inú àpò ṣòkòtò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó gún ẹran yín: omi lásán ló kù nínú ìgò náà. Èkejì, ìgò kan máa ń tó ẹran 50 tàbí 100, bí wọ́n bá sì ti pò ó tán, kò ṣeé gbé pamọ́ di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fẹ́ wá nítorí ẹran márùn-ún. Ẹ kó àwọn ará abúlé jọ, kí ẹ ka ẹran gbogbo ilé, kí ẹ tó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Tchaourou. Ẹni tí ẹ dá owó abẹ́rẹ́ jọ pẹ̀lú rẹ̀ kì í pẹ́ di ọ̀rẹ́. Ẹ pe ẹni tó búra yẹn mọ́ ọn.

Láti òní lọ, ẹran tuntun kankan kò gbọ̀dọ̀ bá ti ilé sùn lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹ so ó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú omi tirẹ̀ àti igbá tirẹ̀. Ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ láàárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Èyí tí ẹ bá kó lọ sọ́jà, tí kò tà, tó sì padà wálé, àlejò lòun náà.

Ìṣirò kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ jọ ṣe. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè bí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Abo yín mẹ́ta á bí ní ìgbà 9. Ká ní ìbejì ni márùn-ún nínú rẹ̀, tí mẹ́rin jẹ́ ẹyọ kan, ọmọ 14 nìyẹn. Bí 9 bá kú, 5 ló kù. Bí 3 péré bá kú, 11 ló kù. Abo mẹ́ta náà ni, òbúkọ kan náà ni, a kò ra nǹkan kan. Ewúrẹ́ yín kò yàgàn, ẹsẹ̀ wọn kò sì kúrú jù. Agbè yín ló ń jò, ẹni tí agbè rẹ̀ ń jò kì í sáré lọ pọn omi sí i.

Ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gíga ńkọ́? Ẹran tó rẹwà ni wọ́n, ẹran wọn pọ̀, mo mọ ohun tí bàbá àwọn ọmọ rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti wá. Ní agbègbè yín tí igbó àti odò ṣì wà, eṣinṣin tsétsé ń gbé àrùn kan kiri tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹran tán díẹ̀díẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ilé wa ti bá eṣinṣin yìí gbé láti ìran dé ìran, ara wọn ń gbà á mọ́ra. Ti ẹlẹ́sẹ̀ gíga kì í sábà gbà á. Kúkúrú tó wà láàyè ló ń sanwó ilé ìwé.

Aràn náà wà lára ohun tó ń mú kí agbè yín máa jò. Ẹ ṣe èyí lọ́la, láàárọ̀, kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀. Ẹ di orí ewúrẹ́ mú, kí ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bó bá pọ́n bí inú ẹnu ọmọ yín, ó dára. Bó bá ti ń funfun bí ẹ̀kọ, aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú. Èyí tí ẹ bá rí i tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tó ń mì bí àpò omi, tiẹ̀ ti pẹ́. Ẹ ra oògùn aràn lọ́wọ́ dókítà ẹran, kì í ṣe ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà, kí ó sì wo bí ẹran ṣe wúwo tó kó tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá pín oògùn ẹran kan fún méjì nítorí owó, aràn ló ń kọ́ ní ọgbọ́n. Bí ewúrẹ́ náà bá lóyún, ẹ sọ fún dókítà, nítorí àwọn oògùn kan kò dára fún oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀ sọ́yà kan wá kù. Níbí, ẹ jọ̀ọ́, alábàápààlà yín ló jàre. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, títí tí wọn yóò fi kórè tán, ewúrẹ́ tí a kò so, olè ni a sìn. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn kan láti àárọ̀ di alẹ́, ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́, orí koríko tó ti jẹ kúrú náà ló sì ti ń kó aràn. Ẹ máa yí èèkàn náà padà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ibòòji àti omi wà nítòsí.

Ẹ gbé oúnjẹ wá bá wọn pẹ̀lú. Ewúrẹ́ kì í ṣe màlúù. Ewé ló ń wá, ẹ ṣáà ń rí i bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì dúró kí ẹnu rẹ̀ lè tó ẹ̀ka. Ewé iyeyè, ewé ọ̀dán, igi ẹ̀pà àti ti ẹ̀wà tí ẹ gbẹ pamọ́ lẹ́yìn ìkórè, èèpo iṣu, èèpo gbágùúdá, ẹ ní gbogbo rẹ̀ nílé. Èèpo gbágùúdá ni kí ẹ ṣọ́ra fún: tútù rẹ̀ ní májèlé, ó ti pa ẹran ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó gbẹ dáadáa. Láti oṣù kejì títí di ìkarùn-ún, ẹ̀yin olóko kajú máa ń mú kóró, ẹ sì ń jẹ́ kí èso rẹ̀ rà mọ́lẹ̀. Ẹ ya kóró kúrò, kí ẹ gé èso náà wẹ́wẹ́, kí ẹ sá a, kí ẹ kó o pamọ́ fún ewúrẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún wọn. Ẹran tó bá yó èso kajú tútù, inú rẹ̀ á wú.

Lọ́jọ́ iwájú, ẹ gbin àgúnmánìyẹ̀ sí ààlà oko. Igi rẹ̀ tí ẹ bá gé gún mọ́lẹ̀ nígbà òjò á hù, á di ọgbà, iṣu yín á rí nǹkan gùn, ẹ ó sì máa gé ewé rẹ̀ fún ẹran lẹ́yìn bí ọdún kan. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ILCA, ibùdó ìwádìí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ṣe é pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá: ewé àgúnmánìyẹ̀ lápá kan, abẹ́rẹ́ kata lápá kejì. Bí ewúrẹ́ yín bá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ nítorí òórùn rẹ̀, ẹ gé e lálẹ́, kí ẹ jẹ́ kó rọ di àárọ̀.

Òbúkọ yín náà ti pẹ́ jù. Láti ọdún mẹ́rin, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gùn báyìí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lágbára. Ẹ fi í ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹbí yín ní abúlé mìíràn. Àwọn akọ tí kò ní di òbúkọ agbo, kí dókítà tẹ̀ wọ́n lọ́dàá ní kékeré, kí ẹ máa bọ́ wọn de Iléyá. Ewúrẹ́ Iléyá gbọ́dọ̀ ti pé ọdún kan, Iléyá sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún; nítorí náà, ọmọ tí ẹ fẹ́ tà ní ọdún tó ń bọ̀, ó ti yẹ kó wà nílẹ̀ kí Iléyá ọdún yìí tó dé.

Ẹ wá ìwé àwọn ọmọ kan tí wọn kò kọ tán. Ọjọ́ tí a bí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó kú, ohun tó ṣe é: ìlà mẹ́ta ni. Èyí tó dàgbà nínú àwọn ìbejì yín lè máa kọ ọ́. Lọ́dún kan, ìwé náà á sọ ibi tí agbè ń jò fún yín ju bí èmi ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Kilibo, ní Papanè, ní Alafiarou, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì nìkan kọ́ ni. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ẹ ka ẹran abúlé yín, ẹ dá owó jọ, ẹ pe dókítà, kí ẹ sì wò ó bóyá yìnyín wà nínú àpótí rẹ̀.