Rọ́bà táyà àlòkù nínú kọnkéré: ohun tó yẹ kí oníbúlọ́ọ̀kù mọ̀ kó tó náwó lé e

Ẹ̀yin oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe íntálọ́ọ̀kì àti ẹ̀yin kọngílá kéékèèké, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ pé àwọn kan ń lọ táyà àlòkù, wọ́n sì ń pò ó mọ́ kọnkéré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tó ti wúlò wà, ibi tó ti lè wó ilé lé èèyàn lórí náà sì wà. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọ́n á kọ́kọ́ yọ wáyà tó wà nínú táyà, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ lọ rọ́bà rẹ̀ títí yóò fi rí wínníwínní bíi yanrìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dín yanrìn kù díẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà dípò ohun tí wọ́n yọ. Yanrìn ni rọ́bà ń rọ́pò o, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá tìtorí rọ́bà dín sìmẹ́ńtì kù ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Àǹfààní àti àléébù rẹ̀

Kọnkéré tó ní rọ́bà máa ń fúyẹ́. Bí nǹkan bá kọlù ú, kì í tètè fọ́ yángá. Ó tún máa ń dín ariwo kù.

Àléébù rẹ̀ ni pé kì í lágbára tó kọnkéré lásán. Rọ́bà rọ̀, sìmẹ́ńtì kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Nínú ìwádìí tí Eldin àti Senouci gbé jáde lọ́dún 1993, nígbà tí wọ́n fi rọ́bà rọ́pò gbogbo yanrìn, agbára kọnkéré náà láti gbé ẹrù já wálẹ̀ tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi rọ́pò gbogbo òkúta, ó já wálẹ̀ tó ìdá 85.

Ìdí nìyí tẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í kọjá ìdá 5 sí 10 nínú yanrìn. Ẹ má lò ó fún òpó, lẹ́ńtù, dẹ́kìn, ìpìlẹ̀ tàbí ògiri tó gbé ilé ró. Íntálọ́ọ̀kì inú ọgbà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n

Rọ́bà fúyẹ́ ju yanrìn lọ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá fi òṣùwọ̀n kílò pààrọ̀ wọn, rọ́bà yóò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Páànù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí àpòpọ̀ yín bá gba páànù yanrìn 20, páànù rọ́bà kan ni ìdá 5, páànù méjì sì ni ìdá 10. Ẹ fi omi fọ rọ́bà náà kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè kúrò. Ẹ pò ó pọ̀ mọ́ yanrìn kẹ́ ẹ tó bu omi sí i. Ẹ má jẹ́ kí omi pọ̀ jù, torí rọ́bà yóò léfòó.

Ṣé èrè wà níbẹ̀?

Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Owó ẹ̀rọ àti iná tí wọ́n fi ń lọ rọ́bà lè mú kó wọ́n ju yanrìn lọ. Ká ní páànù rọ́bà kan fi ₦1,000 wọ́n ju páànù yanrìn lọ, tẹ́ ẹ sì lo páànù méjì, ₦2,000 lẹ fi kún ìnáwó yín. Bí àpòpọ̀ náà bá mú ẹyọ 40 jáde, ₦50 ló gorí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé oníbàárà yín yóò san ₦50 yẹn? Bí kò bá ní í san án, ẹ fi í sílẹ̀.

Èrè mìíràn wà lára táyà fúnra rẹ̀. Nílùú Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tí Ifẹ́dọlápọ̀ Runsewe dá sílẹ̀ ti ń sọ táyà àlòkù di táìlì àti òkúta ìtẹ́lẹ̀ lọ́dún 2021, wọ́n sì ń sanwó fáwọn tó ń kó táyà wá. Ẹni tí kò lágbára ẹ̀rọ lè bá àwọn fọganáísà àdúgbò ṣe àdéhùn, kó máa kó táyà jọ tà.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó tà á

Ẹ ṣe ẹyọ mẹ́fà tí kò ní rọ́bà, mẹ́fà tó ní ìdá 5, mẹ́fà tó ní ìdá 10. Ẹ kọ àmì sí wọn lára, kẹ́ ẹ sì máa bu omi sí wọn bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Tó bá di ọjọ́ 28, ẹ kó wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò àwọn ẹnjinníà ní poli tàbí yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ni, ẹ fi èsì náà wé ìlànà NIS 87 tí àjọ SON fi lélẹ̀.

Ẹ má sì fi rọ́bà pamọ́ fún oníbàárà. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ọjà yín àti ibi tí kò gbọdọ̀ lò ó sí. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ògiri kan ṣoṣo tó bá wó sì lè ba orúkọ tẹ́ ẹ fi ogún ọdún kọ́ jẹ́.