Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: TA LÓ PA MÀLÚÙ ÀJỌ?

Ọ̀rọ̀ ẹran la fẹ́ kọ́ lóṣù yìí.

Ní ọjà kan létí ọ̀sà, tí n kò ní dárúkọ, àwọn obìnrin kan dáwó jọ, wọ́n ra màlúù méjì lóṣù kẹsàn-án, kí ọdún Kérésì tó sọ màlúù di ọ̀wọ́n. Màlúù funfun Òkè Ọya ni méjèèjì, ara wọn ń dán. Wọ́n kó wọn fún ọ̀kan nínú wọn tó ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà, wọ́n ń sanwó ìtọ́jú fún un. Kò tíì pé oṣù méjì tí ọ̀kan fi kú, èkejì sì rù kan eegun. Kíá, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà: “Kò fún wọn lóúnjẹ, ó ti kó owó wa jẹ.” Àwọn kan ní májèlé ni, àwọn kan ní ayé ni. Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ni pé àwọn ewúrẹ́ obìnrin náà, tí wọ́n jọ ń jẹ̀ níbì kan náà, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sanra. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ò ní fura?

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, a ó padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ ìgalà, ẹ mọ ẹtu, ẹ mọ túrùkú. Ẹ bi ọdẹ tó gbé ìgalà wá bóyá ẹran náà ń ṣàìsàn kó tó yìnbọn fún un. Á ní rárá o, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ni. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ ìgalà tó ń ta pọ́n-ún yẹn, kòkòrò kan lè wà tí ojú lásán kò lè rí, tó ń wẹ̀ bí ejò kékeré. Àwọn dókítà ń pè é ní trypanosome. Ó ti pẹ́ tí òun àti ẹran igbó ti jọ ń gbé, ara ẹran igbó ti mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Kò pa á, kò sì kúrò lára rẹ̀.

Eṣinṣin kan ló ń gbé e kiri, tsetse lorúkọ rẹ̀. Ó fi díẹ̀ tóbi ju eṣinṣin ilé lọ, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, tó bá sì bà, á gbé ìyẹ́ kan lé èkejì lórí bí àlùmọ́gàjí tí a pa dé. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, àti akọ àti abo. Ọ̀sán ló ń jáni. Ibi tó ní òjìji, tó sì tutù, létí odò àti ọ̀sà, ni irú rẹ̀ tó wà níhà ọ̀dọ̀ wa fẹ́ràn. Á mu ẹ̀jẹ̀ ìgalà, kòkòrò á gbó sí i nínú fún ọjọ́ mélòó kan, bó bá wá jẹ màlúù, ó ti dà á sí i lára nìyẹn. Ẹ fi wé àmù omi: ẹran igbó ni àmù, eṣinṣin ni igbá tí a fi ń bù ú. Màlúù tó kú kì í ṣe orísun àrùn náà, òun ni wọ́n da omi sí lára.

Òyìnbó kan, David Bruce, dókítà ológun, ló kọ́kọ́ fi ojú rí kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ń ṣàìsàn. Ilẹ̀ Zulu ní Gúúsù Áfíríkà ló wà, ní nǹkan bí ọdún 1895. Ìyàwó rẹ̀, Mary, ló jọ ń bá a ṣiṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé obìnrin. Àwọn Zulu ti ń sọ tipẹ́ pé ibi tí ẹran igbó bá pọ̀ sí ni màlúù àwọn ti ń kú. Bruce mú ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n àti ìgalà tí ara wọn le, ó fi gún ajá ní abẹ́rẹ́, àrùn náà sì jáde lára ajá. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé àgbàlagbà Zulu kò purọ́.

Àwa náà ti rí i kí Bruce tó dé. Ẹṣin Ọ̀yọ́ tó ń dẹ́rù ba gbogbo ayé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tó bá wọ igbó ẹgàn, kì í pẹ́ kú. Àwọn darandaran náà mọ̀ ọ́n: láyé àtijọ́, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó màlúù wọn padà sókè.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ká pa gbogbo ẹran igbó tán? Wọ́n dán an wò ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yìnbọn, wọ́n pa ẹran igbó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Eṣinṣin dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpakúpa náà burú débi pé wọ́n pa á tì nígbẹ̀yìn. Níhà ọ̀dọ̀ wa, kò tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Eṣinṣin etí odò kì í ṣa oúnjẹ: á mu ẹ̀jẹ̀ awọ́nrínwọ́n, á mu ti ọ̀nì, á mu ti ẹlẹ́dẹ̀, á mu tèmi tìrẹ.

Ẹ̀yin onílé ẹlẹ́dẹ̀, tiyín náà wà níbẹ̀. Irú kòkòrò yìí kan wà lára ìmàdò tí kì í ṣe é ní nǹkan kan. Tó bá dé ara ẹlẹ́dẹ̀ ilé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló lè pa á.

Kí wá nìdí tí ewúrẹ́ obìnrin yẹn ò fi kú? Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń gbé pẹ̀lú eṣinṣin yìí, ara wọn ti gba á, bíi ti màlúù kékeré tí wọ́n ń pè ní Mùtúrù. Màlúù funfun Òkè Ọya kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Àlejò ni nínú igbó wa.

Ìgbà tí èkejì ṣì wà láàyè ni àbúrò obìnrin náà lọ pe dókítà ẹran. Dókítà yí ìpéǹpéjú màlúù náà padà, ó ní kí àwọn obìnrin wò ó: funfun báláú ni inú rẹ̀, níbi tó yẹ kó pọ́n. Ó fi ọwọ́ wọn tẹ kókó tó wú níwájú èjìká rẹ̀. Omi ń jáde lójú rẹ̀, irun rẹ̀ dìde, ara rẹ̀ gbóná lónìí, ó tutù lọ́la, ó ń jẹun síbẹ̀ ó ń rù. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí rẹ̀, ó lọ fi maikirosíkóòpù wò ó. Kòkòrò náà ń wẹ̀ níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, diminazene. Ẹ má ra á lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri o. Bí ẹran ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá fún un ní díẹ̀ nítorí owó, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò náà bó ṣe máa borí oògùn. Ẹran tó sì gba abẹ́rẹ́, a kì í pa á jẹ títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn yóò fi pé. Èyí tó ń dààmú ẹran wọ̀nyí kì í ran ẹni tó jẹ ẹran náà, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn máa ń pa á. Ṣùgbọ́n òkú ẹran òkú ẹran ni, ẹ jẹ́ kí wolé-wolé rí gbogbo màlúù ní odò ẹran. Ẹ má sì ju ẹran ìgbẹ́ tútù tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀ sí ajá, ajá lè ti ibẹ̀ kó o.

Dókítà ní kí wọ́n kó màlúù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà, kí wọ́n ro igbó tó ṣíji bo ibẹ̀. Ó tún fi aṣọ búlúù àti dúdú tí wọ́n rẹ sínú oògùn kòkòrò kọ́ síbẹ̀, nítorí àwọ̀ méjèèjì yìí ló máa ń fa eṣinṣin náà.

Wọn ò rí màlúù pín ní Kérésì ọdún yẹn. Ọdún Àjíǹde ni wọ́n pa èyí tó kù. Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ló gbé ìpín obìnrin náà lọ bá a nílé, pẹ̀lú owó ìtọ́jú oṣù méjì tí wọ́n ti dá dúró.