Bí Òtútù Bá Pa Ewéko Inú Ilé Gíláàsì Yín, Ẹ Má Kánjú

Ẹni tí kò gbin nǹkan rí ló máa ń sọ pé, "Ṣebí ewé lásán ni." Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ìlú Ọba, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn ní ilé gíláàsì kékeré lẹ́yìnkùlé, tàbí lórí ilẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ń háyà fún ará àdúgbò láti fi dáko. Inú rẹ̀ ni ewúro wà, àti ata rodo, ẹ̀fìnrìn, gbúre, nígbà mìíràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kò so rí, tí olówó rẹ̀ kò sì ní tà láéláé. Ewúro mìíràn ti pẹ́ nílé ju àbíkẹ́yìn lọ. Bí òtútù òru kan bá wá pa á, ohun tó bọ́ ju ọbẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó dùn yín. Kò sí ìtìjú nínú kí àgbàlagbà bara jẹ́ nítorí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kì yín nílọ̀ lé lórí. Ìgbà náà ni ọkàn máa ń gbóná, tí ènìyàn sì máa ń ṣe ohun tó burú ju èyí tí òtútù ṣe lọ.

Ẹ má tíì hú u. Ewé tó dúdú tó sì rọ kò sọ pé igi ti kú tán. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Bí òkè bá gbẹ, ẹ tún họ ibi tó sún mọ́ ilẹ̀. Igi ni ewúro, ó lè rúwé láti ìdí lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ wọ inú ilé, kí ẹ dín omi rẹ̀ kù, nítorí gbòǹgbò tí kò ní ewé lókè kò lè mu omi púpọ̀, ṣe ni yóò jẹrà. Àánú ló sì máa ń mú kí ènìyàn máa bomi rin ohun tó ń ṣàìsàn. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ dúró di oṣù kẹfà kí ẹ tó gbà pé ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ ewédú àti tẹ̀tẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ọdún kan ni wọ́n, bí òtútù bá ti mú wọn, ẹ gbin òmíràn nígbà tí ooru bá dé.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni mò ń sọ, ẹ gbọ́ ti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1987, ìjì ńlá kan jà ní òru, ó sì wó igi bíi 700 nínú ọgbà náà. Igi óákù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gbìn láti 1798, tí ara rẹ̀ kò sì yá kí ìjì náà tó dé. Ìjì gbé e sókè tòun ti gbòǹgbò, ó sì tún gbé e kalẹ̀ sójú ihò rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ọgbà gbà pé ó ti tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi igi tì í, wọ́n ní àwọn yóò padà wá gé e. Nígbà tí wọ́n fi padà dé ìdí rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 3, igi náà ń rúwé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹsẹ̀ àlejò ló ti tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí gbòǹgbò kò fi rí afẹ́fẹ́. Ìjì ló tú ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èédú. Ẹni tí òtútù pa ewéko rẹ̀ lánàá kò fẹ́ kí èyí tó kù bá a lọ lálẹ́ òní, ó sì lè ronú kan àdògán tó fi ń sun ẹran nígbà ooru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ ilé gíláàsì, ẹ má gbé e wọ ilé gbígbé náà, bó ti wù kó jó rẹ̀yìn tó. Èédú tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ó sì lè kun ènìyàn lóorun kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, kó jáde síta kíá, kó sì pe 999. Híítà oníkẹrosíìnì tí wọ́n ṣe fún ilé gíláàsì wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bí òwú rẹ̀ bá sì dọ̀tí, èéfín rẹ̀ á ba ewéko jẹ́. Ti iná mànàmáná ló dára jù lójú tèmi: èyí tí wọ́n ṣe fún ibi olómi, kì í ṣe èyí tó wà ní yàrá, oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kó sì fa wáyà rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn á pe ilé. "Àǹtí mi, ẹ bá mi gé ẹ̀ka ewúro bọ̀ o." Àǹtí á fi ìwé ìròyìn tútù wé e, á ki í sáàárín aṣọ nínú báàgì. Òfin Ìlú Ọba kò fàyè gba ẹ̀ka gbígbìn tàbí ewéko tòun ti gbòǹgbò láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko. Ní Nàìjíríà, Nigeria Agricultural Quarantine Service ló ń fún ni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ ni wá lára. Ní 2013, wọ́n rí àrùn Xylella lára igi ólífì ní Puglia, ní ilẹ̀ Ítálì. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi ló ti ràn, títí kan àwọn tó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìwádìí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ewéko kọfí tí wọ́n kó wá láti Costa Rica gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irúgbìn ewédú wà lọ́jà ní Ìlú Ọba lábẹ́ orúkọ molokhia tí àwọn ará Íjíbítì ń pè é, ti tẹ̀tẹ̀ wà lábẹ́ callaloo, ti ata rodo wà lábẹ́ Scotch bonnet.

Ẹ má sì wá ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rù, yálà ọkọ tó gbàgbé ilẹ̀kùn ni tàbí ọmọ tó pa híítà. Ìdí ìkòkò ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ yọ ewéko náà kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ wo gbòǹgbò. Bó bá rọ̀ tó sì ń rùn, omi ló pa á, kì í ṣe òtútù. Omi sì ń pa ewéko inú ìkòkò púpọ̀ nígbà òtútù. Bí ẹ bá rí ìdin funfun tó ká kò nínú iyẹ̀pẹ̀, àwọn ló jẹ gbòǹgbò. Ooru náà ń pa ewéko: ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2022, ó dé 40.3°C ní Coningsby ní Ìlú Ọba, ilé gíláàsì tí wọ́n bá sì tì pa lójú oòrùn á gbóná ju ìta lọ. Ẹ ra tẹmómítà tó ń rántí ìwọ̀n tó kéré jù lóru. Kò dìgbà tí omi bá di yìnyín kí ewéko ilẹ̀ olóoru tó jìyà. Láti nǹkan bí 10°C sísàlẹ̀ ni ara ti ń ni ọ̀pọ̀ wọn. Ilé gíláàsì tí kò ní híítà kì í sì móoru ju ìta lọ púpọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di àwo kó má fọ́, tó ní afẹ́fẹ́ roboto lára, ẹ fi bo gíláàsì náà láti inú.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ewúro kan ṣoṣo sójú kan. Ní ìparí ooru, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò kékeré, ẹ gbé ọ̀kan sójú fèrèsé ilé ìdáná, kí ẹ fún ọ̀rẹ́ ní ọ̀kan, kí ẹ fún ẹni tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ní ọ̀kan. Ẹ̀yin tí tiyín sì yè nígbà òtútù tó kọjá, ẹ bi àwọn aládùúgbò yín léèrè bí tiwọn ṣe rí, kí ẹ gé ẹ̀ka fún ẹni tí tirẹ̀ bá ti kú.