Ilé Là Ń Wò Ká Tó Mú Ológbò Kejì Wọlé

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó ní ológbò kan ṣoṣo, tó ń rò ó bóyá kóun wá ẹnìkejì fún un, ilé rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, kó sì wo ológbò náà dáadáa. Àánú ló máa ń sáré ṣáájú lọ́pọ̀ ìgbà. A ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, a bá a níbi tó ká kò sí lórí àga, a ní igi kan kì í dágbó ṣe, la bá lọ gba ọmọ ológbò lọ́wọ́ aládùúgbò tí tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àánú náà dára, ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n ń pa òwe yẹn fún. Ìṣẹ̀dá ológbò yàtọ̀.

Ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni baba ńlá ológbò ilé, ńṣe ló sì máa ń dá ṣọdẹ. Eku ló ń pa jẹ, eku kan ò sì tó pín. Ìdí nìyẹn tí ológbò fi lè dá wà kí nǹkan kan má ṣe é, bó bá ti ń jẹun, tó ń ráyè ṣeré, tó sì ń rí ẹni tirẹ̀. Kì í ṣe pé kò lè bá ẹlẹgbẹ́ gbé o. Níbi tí oúnjẹ bá pọ̀ sí, àwọn abo tó jẹ́ ìbátan a máa gbé pọ̀, wọn a tilẹ̀ máa bá ara wọn tọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n, wọ́n ti mọ òórùn ara wọn láti kékeré. Àlejò tí a ṣàdédé gbé sọ̀ sáàárín ilé, lójú onílé, ẹni tó wá gbalẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Òfin ààbò ẹranko ilẹ̀ Switzerland sọ pé ológbò tí wọ́n bá ń dá sìn gbọ́dọ̀ máa bá èèyàn pàdé lójoojúmọ́, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa rí ológbò mìíràn. Ẹ rí i pé èèyàn tó ń ráyè fún ológbò rẹ̀ ti ṣe tó ẹnìkejì fún un.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọdún kan, tí ara rẹ̀ ń ta, tí ilé ń dá páropáro fún láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń bu èèyàn lẹ́sẹ̀ jẹ nítorí kò rẹ́ni bá ṣeré, èyí ni ẹnìkejì lè ṣe láǹfààní. Ẹni tí kò tíì ní ológbò rárá, ọmọ ìyá méjì ni kó kúkú gbà lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ àgbà ológbò tó ti dá wà lọ́dún pípẹ́, tó ń lé gbogbo ológbò tó bá yọjú sí ọgbà, ẹ jẹ́ kó jẹ ayé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Èyí tó bá sì ṣàdédé kọ oúnjẹ, tó ń lá irun ara rẹ̀ títí tó fi pá, ẹ má sọ pé ìdánìkanwà ni. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Akọ tó bá ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ ò jáde kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì rárá.

Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Kí kálukú ní abọ́ tirẹ̀, níbi ọ̀tọ̀. Àwo iyanrìn tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, mẹ́ta ló yẹ ológbò méjì. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, ẹ tètè ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ, nítorí abo lè lóyún kó tó pé oṣù mẹ́fà, oṣù méjì péré sì loyún rẹ̀. Kí àlejò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kó tó wọlé. Bí kò bá sí yàrá tẹ́ ẹ lè tì í mọ́ ná, ẹ dúró.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Yàrá ọ̀tọ̀ ni kí àlejò kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ onílé, kẹ́ ẹ sì ṣe ti onílé bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ológbò fi ń pa òórùn rẹ̀ mọ́ ohun tó bá kà sí tirẹ̀ lára. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Ìgbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ láìkùn síra wọn lẹ tó máa ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Bí irun ẹ̀yìn wọn bá dìde, ẹ tún tì í. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìjà tí kò láriwo ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ẹ ó rí ọ̀kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó tẹjú mọ́ èkejì. Kò ké, kò fọwọ́ kàn án, àmọ́ èkejì ò ní lè kọjá lọ jẹun. Ìyà nìyẹn. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, ẹ wá ilé rere mìíràn fún àlejò. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ dán ohun kan wò. Ẹ so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, kẹ́ ẹ máa fà á nílẹ̀ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fún oṣù kan gbáko, kẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ lẹ́yìn eré náà. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ó ti rí ohun tó ń wá. Bí kò bá balẹ̀, tí ilé gbà yín, tí owó sì wà, ẹ lọ mú ẹnìkejì wá.