Kí Ló Já, Kí Ló Fọ́?

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ èdè Jámánì ní Ìlọrin nítorí ilé ìwé tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, mo ti rí ìwé tí ẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Jámánì lápá ọ̀tún, ẹyọ kan fún ẹyọ kan. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ á dójú tì yín lọ́jọ́ ìdánwò Goethe-Institut l'Ékòó.

Ẹ wo "break". Ẹ ti kọ "brechen" síwájú rẹ̀, ẹ ní ó parí. Okùn ìfami ẹnu kànga ńkọ́? Okùn kì í ṣẹ́, ńṣe ló ń já. Ará Jámánì náà kì í ní okùn "bricht". "Reißt" ló ń sọ, òun náà ló ń lò fún aṣọ tó ya. Igi tó ṣẹ́ ló ń jẹ́ "bricht". Àwo tó fọ́ yángá, "zerbricht" ni. Gẹ̀ẹ́sì ló kó gbogbo wọn sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá tẹ́ ẹ mu mọ́ ọmú ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín tipẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi bi ara yín léèrè: kí ló ṣe nǹkan náà gan-an?

Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara lé Yorùbá o. Àwa ń ṣẹ́ owó. Ní Berlin, "wechseln" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pààrọ̀ nǹkan. Nínú ààwẹ̀, àwa ń ṣínu, kò sóhun tó fọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, "Fastenbrechen" ni Jámánì ń pe ìṣínu, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà láti gbólóhùn kan sí òmíràn ṣàjèjì sí ẹni tó ti jókòó nílé kéwú ní Pàkátà tàbí Òkè Ìmàlè. "Ḍaraba" ti èdè Lárúbáwá, tí Àfáà kọ́ wa pé lílù ni, tó bá kan ti orí ilẹ̀, ó lè di ìrìn-àjò. Tó bá kan àkàwé, ó di sísọ. Àwa náà kúkú ń pa òwe, ẹ̀jẹ̀ kankan kì í jáde. Àfáà tó mọ̀wé kì í túmọ̀ rẹ̀ láìka gbólóhùn náà dópin.

Torí náà, "Das Seil reißt" ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé, kì í ṣe "reißen" nìkan. Bó bá sì jẹ́ fóònù lẹ fi ń túmọ̀, odindi gbólóhùn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sí i. "Put" ló kàn: ìgò tẹ́ ẹ gbé nàró, "stellen", ìwé tẹ́ ẹ fi lélẹ̀ gbalaja, "legen", owó tẹ́ ẹ kì bọ àpò, "stecken". Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, kẹ́ ẹ máa gbé wọn bẹ́ ẹ ṣe ń pè wọ́n.