Irun Tó Ti Bàjẹ́: Ẹ̀ẹ̀melòó Ló Yẹ Ká Máa Fi Ṣampú àti Kọndíṣọ́nà Fọ̀ Ọ́?

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nìkan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Baálé tó ń fún ìyàwó àti ọmọ lówó ṣampú, ọ̀rọ̀ náà kàn án. Àwọn tó ń ta nǹkan irun ní Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Akanran, ó kàn wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi wọ́n kò yí padà: "Ṣampú tó ń tún irun ṣe yìí, ṣé ojoojúmọ́ ni kí n máa lò ó ni?" Ọlọ́jà tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni yóò tètè ta ìgò kejì, a ò ní purọ́. Ìgò kẹta ni kò ní rí tà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí irun jẹ́. Èyí tó wà láàyè nínú rẹ̀, abẹ́ awọ orí ló wà. Èyí tí à ń fojú rí, tí à ń fi òòyà yà, òkú ni, bí èékánná. Ìdí nìyẹn tí gígé irun kì í fi í dun ènìyàn. Bí ọbẹ bá gé wa lọ́wọ́, ojú egbò á jinná fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n irun tó bá ti bó kò lè jinná, torí kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló bo irun lára, wọ́n to léra wọn bí páànù orí ilé. Bí ìjì bá ṣí páànù, ẹ mọ ohun tí òjò máa ń ṣe. Bákan náà ni: bí ìpẹ́ irun bá ti ṣí, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ, fọ́nrán kan á máa kọ́ èkejì, bí òòyà bá sì ti dé ibẹ̀, ó já nìyẹn.

Kí ló ń ṣí i? Òògùn ìnarun tí à ń pè ní rílásà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀, sódà kọ́sítíìkì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ "no lye" sí lára kò ní sódà yẹn, ṣùgbọ́n òun náà le, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń já ìsopọ̀ inú irun kí irun lè nà. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, Garrett Morgan, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìnarun di òwò ńlá. Ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1913. Òun náà ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ní 1923. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni o, ṣùgbọ́n ohun tó bá lè na irun kò lè ṣe é kó má fi ibì kan ṣe é léṣe.

Lẹ́yìn rílásà ni dáì, òòyà gbígbóná, àti irun tí wọ́n dì le tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fà sókè. A tún ní tiwa tí àwọn tó ń ṣe ṣampú nílùú òyìnbó kò rò sí. Òṣùká tí a ń gbé ẹrù oko lé máa ń ha irun àárín orí lójoojúmọ́. Gèlè àti ìborùn tí a so le ń pa irun ẹ̀bátí. Ìyá tó ń yan gààrí láti àárọ̀ dalẹ́, èéfín àti búlúbúlú gààrí ló kún orí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ irun wa kì í ṣe ti ìgò nìkan.

Ní ti ìgò, ṣampú tí wọ́n ń pè ní ti àtúnṣe, ọṣẹ ni lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó ìdọ̀tí àti òróró kúrò. Ohun tí wọ́n fi kún un, bíi èròjà kẹ́rátìn tàbí ti àlìkámà tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó ti bó, bí ìgbà tí a bá fi amọ̀ dí ògiri tó sán. Ṣùgbọ́n amọ̀ yẹn kò pẹ́, torí bí a bá tún fọ irun, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan sì ni ṣampú ń lò lórí ká tó ṣàn án. Kọndíṣọ́nà ló ń ṣe iṣẹ́ jù, òun ló ń mú ìpẹ́ irun lélẹ̀ tí òòyà fi ń kọjá láìkọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ìgò méjì, kọndíṣọ́nà ni kó fi owó gidi rà, kó wá ra ṣampú tí kò le.

Ẹ̀ẹ̀melòó wá ni? Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara nílùú Amẹ́ríkà gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fọ irun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì lo kọndíṣọ́nà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọ irun. Òróró awọ orí wa kì í tètè rìn dé ẹnu irun tó lọ́, nítorí náà irun wa ń yára gbẹ. Bí a bá ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, díẹ̀ tó wà níbẹ̀ náà là ń kó dànù. Fún irun tó ti bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ìyá onígààrí lè fi omi lásán àti kọndíṣọ́nà ṣan irun rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bí ó bá dọ̀tí jù. Ní àkókò ọyẹ́, kó tilẹ̀ dín ṣampú kù.

Èyí tó nípọn, tí onídìrí máa ń fi sí irun tó sì ń de lọ́rá, ọ̀tọ̀ ni. Kẹ́ ẹ má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àfi bí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá yàtọ̀. Bó bá pọ̀ jù, irun á le gan-an bí ìgbálẹ̀, á sì máa kán. Ẹ mú fọ́nrán kan tó tutù, kẹ́ ẹ rọra fà á. Bó bá nà bíi ṣingọ́ọ̀mù tí kò padà, ó ti rọ̀ jù, àtúnṣe lè ṣe é lóore. Bó bá já pọ́nkán láìnà rárá, kọndíṣọ́nà lásán àti omi ló ń fẹ́, ẹ fi èyí tó nípọn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i, iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ìgò ṣampú mílílítà 500, bí a bá ń lo 20 nígbà kan, ẹ̀ẹ̀marùndínlọ́gbọ̀n ni yóò fọ irun. Lójoojúmọ́, kò ní pé oṣù kan. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà. Irun ń hù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, irun tuntun bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ti jáde, òun sì ni irun tó ní láti dára. Èyí tó ti là lẹ́nu, kí onídìrí máa gé e díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìgò tó lè so ó pọ̀ títí ayé.

Ẹni tó dirí sílẹ̀, kó da ṣampú díẹ̀ pọ̀ mọ́ omi nínú ìgò, kó fi fọ awọ orí láàárín ìlà, kó sì ṣàn án dáadáa. Ẹni tó ń lo rílásà, oṣù méjì sí mẹ́rin ni kó máa wà láàárín ìkan sí èkejì, orí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ni kí wọ́n sì fi sí. Ṣampú tó ń pa agbára rílásà, tó ń bá a wá nínú páálí, ọjọ́ náà gan-an là ń lò ó, a kì í fi pamọ́ torí owó. Ìdí mìíràn wà tí ìnarun kò fi yẹ kó pọ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2022 rí i pé nínú 100 obìnrin tí kò lo òògùn ìnarun, àwọn tí yóò ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé 70 ọdún kò tó 2. Nínú àwọn tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, wọ́n tó nǹkan bíi 4. Ìwádìí náà kò sọ pé rílásà ló fà á dájú, kò sì bá ṣampú wí.

Ẹ̀yin ọlọ́jà wa, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó san owó ọjà. Ẹ má pa ìgò sójú oòrùn. Ẹ má sì bu ọjà láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò tí kò ní ìwé lára, torí oníbàárà kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tàbí bí yóò ṣe lò ó.

Àwọn ìyá kan bi wá bóyá òrí àti àdín kò lè rọ́pò kọndíṣọ́nà. Wọ́n dára, àwọn ìyá wa lò wọ́n. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dá omi dúró sínú irun, nítorí náà ẹ fi wọ́n pa irun tó ṣì tutù lẹ́yìn fífọ̀, ẹ má fi pa irun gbígbẹ. Ní ti ọṣẹ dúdú, ó máa ń fọ irun mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń ṣí ìpẹ́ irun. Ẹni tí irun rẹ̀ ti bó, kó fi í sílẹ̀ fún ara. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i pé awọ orí ń pá, tó ń dán, tó ń ta á, tàbí tí irun àárín orí ń kúrò níwọ̀n-níwọ̀n, kó lọ rí dókítà awọ ara ní UCH Ìbàdàn kó tó ra ìgò mìíràn, torí bí ihò irun bá ti di, irun ibẹ̀ kì í hù mọ́.